Ìtọ́jú Abísínwín àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọlọ́mọ Tuntun ní Ifẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin bímọ ni abísínwín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oorun á dá lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á di rúdurùdu, nígbà mìíràn á ní ọmọ ọwọ́ òun kì í ṣe tòun. Ẹnì kan tàbí méjì nínú 1,000 obìnrin tó bímọ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìyá àti ìkókó wà nínú ewu, kò sì yẹ kí wọ́n fi dọ̀la. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ òun ni ará ilé kì í kà sí àìsàn.

Ìtàn ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ nílẹ̀ Yorùbá kò lè yọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró sílẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Abẹ́òkúta, níbi tí alárùn ọpọlọ ti ń gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé e wá. Ètò náà kò dá lórí abiyamọ, síbẹ̀ lójú ẹni tó ń tọ́jú abiyamọ, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ga jù wà: ẹbí ni kí a bá ṣiṣẹ́, torí ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ ló ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti yí padà.

Ní 1975 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Wesley Guild ní Iléṣà wà lára rẹ̀. Ní 2005, Dókítà Abíọ́dún Adéwúyà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 876 ní ìhà ibẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ìdá 14.6 nínú 100 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó pọ̀ láàárín àwọn tí oṣù ọmọ wọn kò pé, àwọn tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù nígbà oyún, àwọn tí kò lọ́kọ, àti, èyí tó dunni jù, àwọn tó bí ọmọbìnrin. Oògùn kò lè wo ẹ̀gàn tí wọ́n ń fi kan ìyá torí ó bí obìnrin. Ọkọ àti àna lọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Wọ́n tún dán ìbéèrè 10 tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987 láti fi mọ ìyá tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì wò lára àwọn ìyá wa, ó sì ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì lè bi ìyá ní àwọn ìbéèrè náà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò dìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ.

Ní ti obìnrin tó ti ń lo oògùn ọpọlọ kó tó lóyún, ọ̀pọ̀ oògùn náà kì í ṣe èèwọ̀ fún aboyún. Oògùn tí wọ́n ń pè ní valproate ni kí wọ́n yẹra fún, torí ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó bá sì dá oògùn dúró lójijì nítorí oyún, àìsàn náà sábà máa ń padà.

Ẹ̀yin ará Mayfair àti gbogbo Ifẹ̀, bí ọlọ́mọ tuntun yín kò bá lè sùn nígbà tí ọmọ ń sùn, ẹ má dúró de àjínde ara. Ẹ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni, kí ẹ sì gbé ọmọ dání.