Ohùn tí Bàbá Ṣọ́jà Mú Bọ̀ láti Indochine

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìsinmi ni lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nítorí àjọ̀dún Màríà. Ní Savalou, tí kò jìnnà sí wa, iṣu tuntun ni wọ́n ń jẹ. Àwa jókòó sílé ní Ṣábẹ̀ẹ́, a ń wo tẹlifísọ̀n. Ìròyìn alẹ́ ọjọ́ náà ni pé àwọn Taliban ti wọ Kabul, olú ìlú Afghanistan. Lọ́jọ́ kejì, a rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà, tí àwọn kan tilẹ̀ dìrọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ń pariwo. Bàbá Ṣọ́jà nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí pé:

“Àwọn tó ń túmọ̀ èdè fún àwọn òyìnbó yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n kó wọn lọ?”

Mo ní wọ́n kó àwọn kan, wọ́n fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Harki,” ó sì yí ojú sí ògiri.

Àbúrò bàbá bàbá mi ni Bàbá Ṣọ́jà. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Lọ́dún 1951, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kútọnu, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí Faransé ń pè ní tirailleurs sénégalais, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹsẹ̀ tẹ Sẹ̀nẹ̀gàl rí kó tó di ọjọ́ náà. Láti ọdún 1946 ni Faransé ti ń bá àwọn Việt Minh jà nítorí Indochine. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀, àwọn ará Dàhòmì, ará Tógò, ará Guinée, ará Haute-Volta. Kí Dien Bien Phu tó ṣubú lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1954, iye àwọn adúláwọ̀ tó jagun níbẹ̀ ti tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta, 60,000. Àwọn kan mú ìyàwó bọ̀ láti ọ̀hún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tó bá dé Dakar fi ń rí nem rà lẹ́bàá títì. Ohun tí Bàbá Ṣọ́jà mú bọ̀ yàtọ̀.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí iná ìgbẹ́ jó àká aládùúgbò wa kan. Gbogbo ilé ń sáré gbé omi. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo imú. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ní abúlé kan létí odò, ní àríwá Vietnam, ọ̀gá wọn pàṣẹ pé kí wọ́n sun àká ìrẹsì kan, nítorí àwọn Việt Minh ń jẹ nínú rẹ̀. Òun ló mú iná dání. Ìyá arúgbó kan jáde, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan. Kò pariwo, kò sunkún. Kò sí ògbufọ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Bàbá sun àká náà.

Ìyá tó bí Bàbá Ṣọ́jà máa ń sọ fún wọn bí ogun Dàhòmì ṣe jó àká àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí àwọn èèyàn gun orí òkè lọ fara pamọ́ sáàárín àpáta. Àwọn òkè náà ni àlejò ń yà fọ́tò lónìí. Nítorí náà, Bàbá ní òun mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí òun fúnra òun jẹ́ lọ́jọ́ náà ni òun kò mọ̀.

Ó há gbólóhùn náà sórí. Ó fẹ́ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àmọ́ ní ogun, èèyàn kì í rójú béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọdún sì ń gorí ọdún. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣá, ó ku ohùn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Èdè Vietnam dà bí tiwa: ohùn ló ń pín ọ̀rọ̀ níyà. Mẹ́ta ni ohùn tiwa. Ní àríwá tiwọn, mẹ́fà ni. Etí ọmọ Yorùbá lè gbá irú orin bẹ́ẹ̀ mú kó má bọ́, kódà bí kò bá gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bàbá a máa kùn ún bó bá ń to iṣu, bí ìgbà tí àyàn bá ń lu dùndún fún ẹni tí kò gbédè.

Lọ́dún 1957 wọ́n tún mú un lọ sí Algérie. Kò sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀. Mo kà á nínú ìwé pé àwọn ará oko tí ológun Faransé kó kúrò nílé wọn sínú àgọ́ ju mílíọ̀nù méjì lọ. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun ṣọ́ ọ̀kan nínú àgọ́ náà, pé àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ kú. Harki kan, ọmọ ilẹ̀ Algérie tó ń bá Faransé ṣiṣẹ́, ló ń túmọ̀ fún wọn. Bàbá padà sílé ní 1960. Lẹ́yìn àdéhùn Évian ti oṣù kẹta ọdún 1962, Faransé lọ, wọ́n fi ọ̀pọ̀ harki sílẹ̀, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn. Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan nípa tirẹ̀ mọ́.

Àwọn kan nínú àwọn tó ti Algérie dé kò lè jókòó sílé. Ní Tógò, wọ́n ní kí wọ́n gbà wọ́n sínú ológun tuntun. Ààrẹ Sylvanus Olympio kọ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, wọ́n pa á ní Lómẹ́. Bàbá mọ méjì nínú wọn lójú. Kò dá wọn láre, kò sì bú wọn. Ní tirẹ̀, oko ló padà sí. Òfin Faransé ti oṣù kejìlá ọdún 1959 ti so owó ìfẹ̀yìntì àwọn jagunjagun ilẹ̀ àmúnisìn mọ́lẹ̀ sí ojú kan. Ìgbà tí fíìmù Indigènes jáde ní 2006 ni ìjọba wọn tó sọ pé àwọn yóò mú owó ajagunfẹ̀yìntì dọ́gba. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa àwọn tirailleurs a máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó yìí, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí Bàbá fi owó ṣáájú ọ̀rọ̀ rí.

Èmi ló yẹ kí n jẹ́jọ́ níhìn-ín. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní ká kọ àròkọ lédè Faransé nípa akọni kan nínú ẹbí wa. Mo kọ nípa Bàbá: àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, ojú ogbẹ́ itan rẹ̀, bó ṣe máa ń tò pẹ̀lú àwọn ajagunfẹ̀yìntì lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dára. Mo kà á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ síwèé wa. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Obìnrin náà ńkọ́?” Mo ní kò bá àròkọ náà mu. Ó ní, “Ó dáa,” ó dìde lọ sí oko.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló padà sí mi lọ́kàn nígbà tí à ń wo Kabul. Faransé náà lọ sí Afghanistan. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2008, mẹ́wàá nínú ọmọ ogun wọn kú ní àfonífojì Uzbin. Wọ́n ka orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ́. Ní ti àwọn aráàlú Afghanistan, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, láti 2009, wọ́n ju 100,000 lọ. Iye ni mo mọ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹyọ kan, mi ò sì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé fóònù sí ẹnu Bàbá, mo ní kó kùn ún. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Méjèèjì bára mu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Paris mú un fún ọmọ Vietnam kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn fèsì pé bí kò bá sí ọ̀rọ̀, ohùn náà lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ó lè jẹ́ èpè, ó sì lè jẹ́ pé ó ń sọ pé ẹnì kan wà nínú àká. Ó ní kí n béèrè bí obìnrin náà ṣe fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Odidi oṣù méjì ni mi ò fi lè béèrè. Nígbà tí mo béèrè, Bàbá ronú títí. Ó ní ọwọ́ obìnrin náà wà nínú ìró rẹ̀, òun kò rí i.