Apá Mi Ọ̀tún àti Ògiri Ilé Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwé yìí yóò bá dé ọwọ́ yín, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dì mọ́ inú ìró. Èmi pẹ̀lú dì í mọ́ inú ìró fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ohun tí mo fi pamọ́ náà fẹ́ gba ọwọ́ tí mo fi ń jẹun tí mo sì fi ń kọ̀wé kúrò lọ́wọ́ mi, mo pinnu nínú ọkàn mi pé bí ara mi bá le, n ó sọ ọ́ ní gbangba. Ara mi ti le. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Magboro ni mo ń gbé, ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀, bí ó bá ti kọjá ọjà màlúù Kára àti afárá gígùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch. Ibẹ̀ ni àdúgbò wa. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, bí mo ti ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan kókó kan lára ọyàn mi ọ̀tún. Kò dùn mí rárá, àìdùn rẹ̀ náà ni ó sì tàn mí jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni. Oògùn líle tí a ń fà sínú iṣan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi títí ọdún fi yí. Irun orí mi re, èékánná mi sì dúdú. N kò ní pẹ́ lórí èyíinì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ní àkókò tí owó náírà tuntun wọ́n tí gbogbo ènìyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì láti kùtùkùtù, wọ́n gé ọyàn náà kúrò. Wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní abíyá mi pẹ̀lú, àwọn tí í máa ń darí omi ara kọjá láti apá wá sí àyà. Ní ọjọ́ kan náà, oníṣẹ́ abẹ kejì yí iṣan fífẹ̀ kan láti ẹ̀yìn mi wá sí iwájú, pẹ̀lú awọ tí ó bò ó, ó sì fi mọ òkìtì kékeré kan sí ibi tí ọyàn wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ kan tí a ní ní Ìfọ̀ ni a tà kí a tó lè san owó rẹ̀. Àwọn kan bi mí pé kí ni obìnrin tí ó ti bímọ tán fẹ́ fi òkìtì ṣe. N kò bá wọn jiyàn. Mo mọ̀ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni àyà náà, èmi náà ni mo sì ń wo dígí.

Kí n tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú àwọn tí à ń pè ní físíò wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ó kọ́ mi bí n ó ti máa ṣẹ́ ọwọ́ kí n sì tú u, bí n ó ti máa yí èjìká, bí n ó ti máa mí kanlẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti yọ rọ́bà tí ń fa omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára mi, kí n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kí apá yìí sùn o, mà,” ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó bá mi sọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, mo sì ki ìwé náà bọ inú Bíbélì mi. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. N kò wò ó mọ́.

Nítorí pé nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin sì ti dé láti Ìbàfò. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba ara mi bí ẹni gba ìjọba. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ènìyàn níwájú, wọ́n là á lẹ́yìn, o wá fẹ́ máa ju apá?” ni ìyá mi wí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú gèlè rẹ̀, ó sì fi so apá mi mọ́ àyà. Wọ́n ń wẹ̀ mí, wọ́n ń bọ́ mi, wọn kò jẹ́ kí n mú ṣíbí. Kí n má purọ́, ìsinmi náà dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, n kò tíì sinmi bẹ́ẹ̀ rí. Báyìí ni mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìtọ́jú onítànṣán ni ó kù. Ní oṣù Kẹrin mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó kí wọ́n lè wọn ara mi fún un. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, kí n gbé apá ọ̀tún sí òkè orí, kí n sì fi í síbẹ̀ láìmì. Mo gbé e. Nígbà tí ó dé ọ̀gangan èjìká, ó dúró. Mo fi agbára kún un. Abíyá mi ń já bí ẹni pé a na okùn gòjé sínú rẹ̀. Nígbà tí mo sì fi ọwọ́ kàn án, lóòótọ́ ni mo bá okùn tín-ín-rín tí ó le gan-gan lábẹ́ awọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Mà, bí apá yìí kò bá gòkè, òun ni yóò dí ọ̀nà ìtànṣán, a kò sì ní lè darí rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Ẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe ohun tí a lè máa sún síwájú títí o.”

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí dé ìdí Berger. Kọ́ńdọ́ náà, tí kò tíì fún mi ní ṣéńjì mi, wò mí lójú, ó ní, “Màmá, ṣé nítorí igba náírà ni?” Ó sì yára kà á lé mi lọ́wọ́ ní owó wẹ́wẹ́. Èmi tí mo ń sunkún ni mo bú sẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí Bíbélì mi, mo yọ ìwé pélébé náà jáde. Mo dúró kọjú sí ògiri yàrá wa, mo fi ìka mi lé e, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa gùn ún bí alántakùn, ìka kan tẹ̀lé èkejì, títí ìrora fi dá mi dúró. Ọkọ mi mú ẹfun ìkọ̀wé kan nínú àpò iṣẹ́ mi, ó fa ìlà sí ibi tí ìka mi dé, ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀gangan imú mi ni ìlà náà wà. Òun kò sọ ọ̀rọ̀ kan, èmi náà kò sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyá mi bá mi níbẹ̀. Inú bí i. Mo sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Bí apá yìí kò bá gòkè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò ní lè fún mi ní ìtọ́jú tí ó kù.” Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbé apá tirẹ̀ lé ògiri. Apá àgbàlagbà ni; aromọléegun ti mú èjìká rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì gòkè ju tèmi lọ. “Ó dára,” ni ó wí, “a ó jọ gùn ún.” Ó lọ mú èédú kan nídìí ààrò, ó sì fa ìlà tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni ògiri wa ti ní ìlà funfun lápá kan àti ìlà dúdú lápá kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni a ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọjọ́ mìíràn wà tí ìlà tuntun fi ìbú ìka kan ga ju ti àná lọ, ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò tilẹ̀ dé ibi ti àná. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní, n ó fi ọwọ́ méjèèjì di agboòrùn mú, ọwọ́ òsì tí ó le yóò sì máa fa ọ̀tún tí ó rọ lọ sí òkè orí. Iṣan tí wọ́n yí láti ẹ̀yìn wá sí iwájú sì ní ìwà tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn gíréètì wa, ṣe ni òkìtì àyà mi fò sókè lójijì. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀, kí n tó mọ̀ pé iṣan náà ni kò tíì mọ̀ pé òun ti kó kúrò nílé. Ìgbàkígbà tí mo bá ti nǹkan tàbí tí mo bá fà á, ó ń jẹ́ ìpè bí ó ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

Mo ń rìn pẹ̀lú, ní ìdájí, kí ọ̀kadà tó máa da eruku bo ọ̀nà. Ọjọ́ kìíní, ọ̀dọ̀ alákàrà tí kò jù ilé mẹ́rin lọ sí wa ni mo lè dé. Kí oṣù tó parí mo ń rìn dé etí títì márosẹ̀, mo sì ń padà láìjókòó.

Ní àkókò náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn obìnrin tí ó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú mi. Ní ọdún 1811, ní ìlú Paris, wọ́n gé ọyàn Frances Burney, obìnrin òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, nígbà tí kò tíì sí oògùn akunilóorun. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi gé e, ó sì tún lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láyé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, dókítà William Halsted ní Baltimore ní Amẹ́ríkà fi gígé iṣan àyà kún gígé ọyàn, ọ̀nà rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé fún ìgbà pípẹ́. Apá àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ a máa gan, a sì máa wú. Terese Lasser jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní New York, ní ọdún 1952. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò sọ fún un bí yóò ti ṣe apá rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ wá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré àti okùn tí wọn yóò fi máa tọ́ apá wọn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ nígbà tí ó so apá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé nìkan. Ọ̀pọ̀ dókítà gan-an ni ó gbà á gbọ́ pé obìnrin tí a ti yọ kókó abíyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi apá náà ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ láéláé. Ní ọdún 1996 ni dókítà Don McKenzie ní Vancouver ní Kánádà kó obìnrin mẹ́rìnlélógún bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi gígùn, tí ó sì ní kí wọ́n máa wà á. Apá wọn kò wú. Ní ọdún 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀: àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa gbé irin wíwúwo díẹ̀díẹ̀ kò wú sí i ju àwọn tí kò gbé e lọ, wọ́n sì lágbára jù wọ́n lọ. Nítòsí wa níhìn-ín, Betty Anyanwu-Akeredolu, ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn mú ní ọdún 1997, kò fi í pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn obìnrin má baà máa dá nìkan gbé e. Mo ka gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní, “Àwọn òyìnbó náà sì ti ń so apá mọ́ àyà rí, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo padà sí Èkó. Mo dùbúlẹ̀ lórí tábìlì náà, mo gbé apá mi. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó kọjá etí mi, ó dé òkè orí, ó sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gba ìtọ́jú náà, lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àyà mi dúdú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sun.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àárín pátákó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí, mo sì rò pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọmọdékùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nà ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orí àwọn tí ó wà níwájú bò ó. Ẹ bá wa kọ ọ́ sókè.” Mo yí padà, mo sì kọ ọjọ́ sí òkè pátápátá. Ẹfun náà yọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí kò wí pé ogun ti tán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, inú mi dùn sí ara mi ju bí ó ti yẹ lọ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi kíkún kan láti ìdí ẹ̀rọ omi aládùúgbò wa, n kò sì pe ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, apá mi ti wú láti ọwọ́ dé ìgúnpá, òrùka mi kò sì bọ́. Ẹ̀bi mi ni. Apá tí ń gbé agboòrùn kò gbọdọ̀ fò mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Láti ìgbà náà, omi inú ọ̀rá kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìgò lítà kan, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ike lítà márùn-ún. Mo ń wọ ìbọ̀pá kan tí ó fún mọ́ra bí iṣẹ́ bá pọ̀, mo sì máa ń fi téèpù aránṣọ wọn apá méjèèjì ní oṣooṣù. Ọ̀tún ṣì tóbi ju òsì lọ díẹ̀. Gèlè mi, èmi ni mo ń wé e fúnra mi.

Ní ìgbà tí Kérésìmesì tí ó kọjá ń bọ̀, ọkọ mi ra ọ̀dà láti fi kun yàrá wa. Ìlà funfun mi ti ga ju ọ̀gangan fèrèsé lọ. Ìlà dúdú ìyá mi ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Ìyá mi wá kí wa, ó rí agolo ọ̀dà nílẹ̀, ó sì ní kí ọkọ mi fi apá ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí òun kò tíì dé ibi tí òun ń lọ.