Ìkíni Ṣáájú Adé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ti bá ara wọn pàdé. Wọn kò sin ọba kan náà. Síbẹ̀, ìbáà ṣe òwúrọ̀, ìbáà ṣe ẹnu iṣẹ́, 'Ẹ kú' ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ni àwọn ará Sàró bá ń pè wọ́n ní Àkú. Ìkíni ti sọ wọ́n di ọ̀kan kí wọ́n tó gba orúkọ kan.

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára wọn. Ní 1843, ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1877. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, odindi Bíbélì ti jáde ní 1884, ní èdè tí ọmọ ìhà méjèèjì lè kà. Ìbọn ń pín wọn, ìwé ń so wọ́n pọ̀.

Abala 55 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi àyè sílẹ̀ fún Yorùbá ní ilé aṣòfin àpapọ̀, bí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Ta ni yóò dìde sọ ọ́ níbẹ̀ lọ́la, bí a bá ń fìyà jẹ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀? Ohun tí ogun kò lè pa lẹ́nu baba, kí ìtìjú má pa á lẹ́nu ọmọ.