Orí Nìkan Ni Kì í Padà Lẹ́yìn Aláìsàn



Ẹni tó kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ olúwo mọ ìtàn inú Ògúndá Méjì, níbi tí a ti bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn tó lè bá olùfọkànsìn rẹ̀ dé òkè òkun láì padà. Olúkúlùkù ní òun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹun tán nílùú baba rẹ̀, ilé ló kù tí yóò padà sí. Orí nìkan ni kì í padà.

Ara mi ló túbọ̀ là mí lóye ẹsẹ̀ yìí. Ó di ọdún kẹta tí wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ mi nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ọgbẹ́ ti jinná, ó ku àpá. Síbẹ̀, bí mo bá tẹ̀ síwájú láti tẹ odù sójú ọpọ́n, ẹ̀gbẹ́ náà á máa jó bí ẹ̀yinná. Aṣọ lásán tó bá fara kàn án tó láti dá ìyẹ̀rẹ̀ dúró lẹ́nu mi.

Dókítà ṣàlàyé pé abẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan ni iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá. Nígbà tí a bá fi irin ya egungun ìhà kí ọwọ́ lè dé inú àyà, iṣan náà lè fara gbọgbẹ́. Awọ á jinná, iṣan lè má tètè jinná. Ìrora tó bá kọjá oṣù 3 ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ó tilẹ̀ wà nínú oògùn rẹ̀ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún wárápá.

Àwọn awo kan ní ọ̀tá ló ń ta mí lọ́fà. A dá Ifá, Ifá kò pe ọ̀tá. Ó ní kí n bọ Orí mi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí a bá ń pe gbogbo ìrora tí ojú kò rí ní iṣẹ́ ayé, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn tó ń fún un lómi mu gan-an.

Nígbà tí ọgbẹ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, àlejò kún ilé. Nígbà tó di àpá, oníkálukú padà sílé rẹ̀. N kò bá wọn wí. Àwọn òrìṣà pàápàá padà. Mo fi obì àti omi tútù bọ Orí, mo sì ń lo oògùn dókítà, nítorí Orí ẹni ló ń gbé ni pàdé ẹni tó mọ iṣẹ́. Ìrora náà dínkù, kò lọ tán. Àwọn ọmọ awo ló ń sun ìyẹ̀rẹ̀ báyìí, èmi ń gbè é.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú rẹ̀, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún dókítà bóyá ó ń jó ni, tàbí ó ń gún, tàbí ojú ibẹ̀ kú. Bí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójijì pẹ̀lú àìlèmí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ.

Kí Orí wa má padà lẹ́yìn wa. Àṣẹ.