Irin Kò Mọ Ẹni Tí Ó Ni Ín

Àwọn àgbà ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá a máa kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé a kì í kọ ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ìbáà ṣe pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbọn ìléwọ́ tí a ń pè ní M1911 ni bàbá náà gbé lọ sójú ogun. Ní ọdún 1911 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gba irú ìbọn yìí, wọ́n sì ń lò ó títí di ọdún 1985 tí wọ́n yan òmíràn dípò rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ ń wá ohun tí yóò máa fi rántí rẹ̀. Ní ọdún 2018, àjọ Civilian Marksmanship Program, tí ó wà ní Anniston ní ìpínlẹ̀ Alabama, gba orúkọ àwọn tí ó fẹ́ ra èyí tí àwọn ológun kò lò mọ́. Ọmọ náà fi orúkọ sílẹ̀.

Rírà rẹ̀ kò rọrùn. Bí ẹni ń ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín nọ́ńbà fún oníkálùkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò, bóyá ó ti dáràn rí. Ọwọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó sì ti gbà á.

Ó kọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1945 ni wọn kò ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ológun mọ́, nítorí náà ó pààrọ̀ sípíríǹgì tí ó ti rọ̀. Kò lo ọta ayé ogun, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn a máa fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ihò ìbọn. Iyọ̀ a fa omi mọ́ra, irin a sì dípẹtà. Bí ó bá yìn ín tán, a nu inú rẹ̀, a fi epo díẹ̀ pa á, nítorí pé bí epo bá pọ̀ jù, ìdọ̀tí ni yóò kó jọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìbọn náà sórí tábìlì láti nù ún. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá nǹkan kù nínú rẹ̀. Ó ní rárá, òun ṣáà ti yọ àpò ọta. Síbẹ̀, ó fa òkè ìbọn sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Ọta kan fò jáde, ó sì yí gbirigbiri lọ síwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jókòó sí apá kejì. Kò sí ẹni tí ó lè fọhùn.

Àpò ni ó yọ. Ọta kan ti wọnú ihò ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ pé òkè ìbọn ni ó kọ́kọ́ fà kí ó tó yọ àpò, bí ọ̀kan ti ń jáde ni òmíràn ìbá máa wọlé. Nítorí náà, àpò ni a ń kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó fa òkè ìbọn sẹ́yìn, tí a ó fi ojú wo ihò, tí a ó sì fi ìka kàn án.

Láti ọjọ́ náà, inú àpótí irin tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìbọn ń gbé. Ọta wà lọ́tọ̀. Ọkùnrin náà ti ń pè é ní ìbọn bàbá òun, bí ẹni pé ó lè dá ọmọ-ọmọ bàbá mọ̀.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ṣì ń bẹ lára ògiri àwọn ọdẹ, ọmọdé sì ń bẹ nínú ilé. Ẹni tí ó bá ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wò ó.