Ààrò Búlọ́ọ̀kù Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn ní ọdún 2023, Màmá kò fẹ́ sún mọ́ gáàsì rárá. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n tò sẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń fi igi dáná. Èéfín a bò wọ́n mọ́lẹ̀, ikọ́ wọn kì í sì í jẹ́ ká sùn lóru. Dókítà ní kí a gbé wọn kúrò nídìí èéfín. Ta ni yóò gbé Màmá kúrò nídìí ààrò? Owó gáàsì pàápàá kò jẹ́ kí n lè bá wọn jiyàn.

Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ bíríkìlà, ló sọ fún mi nípa irú ààrò kan tí Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà, ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Búlọ́ọ̀kù oníhò méjì, onínṣì mẹ́sàn-án, ṣẹ́kù nílẹ̀ nígbà tí a mọ ògiri. A gbé ọ̀kan ka orí èkejì kí ihò wọn lè ṣe déédéé. Lára ti ìsàlẹ̀ la ti fọ́ ẹnu tí igi ń gbà wọlé. A fi irin pẹlẹbẹ dábùú ẹnu náà: igi lókè, afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni àṣírí rẹ̀. Iná á máa ké fùù gba inú ihò gòkè, á sì máa jó èéfín kó tó jáde. Ihò kejì, eérú gbígbẹ la rọ kún un, kí ooru má baà sá lọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ìkòkò lé e, ojú wa ni èéfín padà sí. Màmá rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, o ti dí i nímú." Wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta yí ihò ká, wọ́n gbé ìkòkò lé wọn lórí. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ni wọ́n wí. Èéfín rí ọ̀nà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Òjò pa ààrò náà mọ́jú, èmi sì da iná ńlá sí i láàárọ̀ Sátidé. Gbàù! Ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ fò kọjá létí ọmọ mi obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Omi inú búlọ́ọ̀kù ló di oru, tí kò rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn náà la po amọ̀ ilé ikán mọ́ iyanrìn, a fi rẹ́ inú ihò, a jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì fi páànù ṣe ìbòrí fún un. Síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í pẹ́ nínú iná. Mo ti pààrọ̀ ọ̀kan. (Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó o, ẹ má gbé e wọ kíṣìnì.)

Igi tí Màmá fi ń se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan ń sè é lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ikọ́ wọn kò tíì tán, ṣùgbọ́n à ń sùn lóru.