Bàbá àti Tíṣà inú Sinimá

Ìbínú ni mo gbé lọ sí Ìkòròdú ní ọjọ́ náà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ wa lórí bí àwọn sinimá àtijọ́ ti fi ènìyàn dúdú ṣe ẹlẹ́yà, mo sì ti yan èyí tí n óò dá lẹ́jọ́: Old Bones of the River, tí ilé-iṣẹ́ Gainsborough ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1938. Mo ní kí Bàbá, baba ìyá mi, bá mi wò ó, nítorí ẹlẹ́rìí ni mo ń wá.

Ní 1927 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ilé sinimá wọn gbọdọ̀ máa fi ti ìlú wọn hàn, kí ti Amẹ́ríkà má baà gba gbogbo ọjà. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, wàràwàrà. Alexander Korda kì í ṣahun ní tirẹ̀. Ní 1935 ó gbé Sanders of the River jáde. Shepperton lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́ abúlé Áfíríkà inú rẹ̀ sí, Orlando Martins ọmọ Èkó sì ṣeré níbẹ̀. Sinimá yìí ni Old Bones ń sín jẹ. Will Hay ni tíṣà tí ó wá kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú níwèé, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ owó-orí gbígbà fi já lé e lórí.

Tíṣà ni Bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí Will Hay ti gbé awò rẹ̀ lé ṣóńṣó imú báyìí, ẹ̀rín bú ti Bàbá.

“Mo mọ ọkùnrin yìí! Èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ni rí!”

Mo ní, “Bàbá, àwa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o.”

“Ta ni kò mọ̀? Ìwọ ṣáà wo ojú ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń kọ́ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi sì jókòó bí adájọ́ tí kò rí ẹjọ́ dá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan owó-orí, Bàbá dákẹ́. Ó ní kí n dá a dúró. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, kùtùkùtù ni baba òun máa ń sá lọ sí oko nítorí akódà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ká a mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Fìlà rẹ̀ já bọ́, ọ̀kan nínú wọn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Bàbá ni ó ṣa fìlà náà.

“Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, kò mọ́.”

N kò gbọ́ ìtàn yìí rí, bẹ́ẹ̀ ilé yẹn ni mo ti ń lo ìsinmi láti kékeré. Mo mọ̀ pé ní 1947 àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde lórí owó-orí; ìwé ni mo ti kà á. N kò mọ̀ pé fìlà kan wà nínú ilé wa.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé sinimá náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Mo fa ìlà sí i.

Bàbá nu ojú rẹ̀. “Dá a padà sí ibi tíṣà.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a tún un wò. A kò padà sí ibi owó-orí mọ́.